Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Sáílẹ́ńsà Ẹ́ńjìnnì Rótárì Tí Ẹ Tà Fún Mi, Àti Ìlérí Tí Ẹ Kò Mú Ṣẹ

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,
Èkó.

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Ẹ̀yin gan-an ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe àwọn kọ́sítọ́mà kéà yín, nítorí ó ti sú mi láti máa bá wọn rojọ́. Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọjà náà wà nínú ìwé yín: rìsíìtì, nọ́ńbà ẹ̀sùn, fọ́tò ibi tó ti là, àti fídíò tí wọ́n ní kí n tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n sọ pé àwọn kò rí ti àkọ́kọ́ mọ́. N kò ní tún gbogbo rẹ̀ tò fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni bí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe ń tì mí síhìn-ín sọ́hùn-ún láti ọjọ́ tí sáílẹ́ńsà yín ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí n tó san kọ́bọ̀, mo ṣàlàyé ara mi. Mo ní ẹ́ńjìnnì mi kì í ṣe oní-písítìnì, rótárì ni, èyí tí irin onígun mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní rótọ̀ ń yí nínú rẹ̀, 13B ti Mazda tí wọ́n yọ lára mọ́tò RX-7, àti pé ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ọwọ́ ara wa kàn ni mo fẹ́ dè é mọ́. Mo béèrè bóyá sáílẹ́ńsà yín lè gba ooru rẹ̀. Ẹni tó dá mi lóhùn lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà ní: “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Irin sítéńlẹ́ẹ̀sì 321 la fi ṣe é, a kì í sì í ki wúùlù sínú ti rótárì. Tó bá yọnu, a máa gbà á, a ó dá owó yín padà.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Òun ni mo gbà gbọ́ tí mo fi san owó pátá kí ọjà tó kúrò ní Èkó, tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi lọ gbà á ní Gérí Àlímì ní Ìlọrin níbí nígbà tó dé.

A dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì lórí férémù tí a fi ń dán an wò nínú àgbàlá. Ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná dé ibi tó yẹ tí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ fi là gbọọrọ. Wúùlù tí ẹ ní kò sí níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ki sínú sáílẹ́ńsà láti pa ariwo, tú jáde, ó ń fò káàkiri, ó lẹ̀ mọ́ aṣọ tí ìyàwó mi sá sórí okùn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ṣà á jọ sínú ọ̀rá. Ọ̀rá náà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi dòní, torí pé ẹni yín kan sọ pé kí n má dà á nù, wọ́n ń bọ̀ wá fi ojú ara wọn wò ó.

Wọn kò wá. Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sátidé yẹn fún yín, nítorí òun ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀.

Ilé kéwú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ọ̀nà Àjàṣẹ́ níbí. Alfa tó ni ín kì í bínú, ṣùgbọ́n ariwo rótárì tí kò ní sáílẹ́ńsà kì í ṣe ohun tí ọmọ kéwú lè máa ké kéwú sí. Àdéhùn èmi àti Alfa ni pé àárín ìrun Àìlà àti Alásárì nìkan, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti lọ jẹun, la ó máa ṣiná sí ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún un pé mo ti fi owó ránṣẹ́ sí Èkó, àti pé bí sáílẹ́ńsà bá dé, ariwo náà yóò lọ sílẹ̀. Ó ṣàdúà fún wa. Nígbà tí ẹnjiníà yín wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń bọ̀ ní Ìlọrin ní Sátidé, pé kí a má tú nǹkan kan sílẹ̀, kí epo wà nínú ẹ́ńjìnnì, òun fẹ́ fetí ara òun gbọ́ ọ láàárọ̀, mo tún lọ bẹ Alfa. Nítorí tiwa, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sínú mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

A jókòó tì í láti àárọ̀. A pe ẹnjiníà náà, ó ní òun ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́. A tún pè, ó ti pa fóònù. Oòrùn wọ̀, a kò rí i. Ó di alẹ́ kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé pé wọ́n ti rán an lọ síbòmíràn, kí a ṣe sùúrù. Bí ẹni tí wọ́n rán lọ síbòmíràn ṣe wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lọ́jọ́ kejì Alfa kò bínú, ó kàn bi mí pé, “Ṣé àwọn àlejò yín dé?” N kò mọ èsì tí màá fún un. Ẹ sọ mí di òpùrọ́ lójú ẹni tó ń fún mi láyè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe ilé-iṣẹ́ yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e. Mo fún un ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. N kò tíì parí tó fi já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní ẹ́ńjìnnì mi ló bàjẹ́, ó ń jó epo dé inú páìpù, kí n lọ tún un ṣe kí n tó di ẹ̀bi ru ọjà wọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é látọ̀runwá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ní: “Bàbá, Ìlọrin wo ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú? Ẹ lọ bá àwọn amọ̀kòkò yín ní Dàda, kí wọ́n mọ sáílẹ́ńsà fún yín.” Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gé fóònù mọ́ mi lójú. Ọmọ tí mo lè bí ni.

Mo ń dá a lóhùn lójú ẹ̀yin ọ̀gá rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń mọ ìkòkò ní Dàda kì í gbé ìkòkò lọ sọ́jà láìtíì fi iná sun ún. Ẹ̀yin lẹ ta ohun tí iná kò tíì kàn fún ẹni tó sọ fún yín pé inú iná ló ń lọ. Ìlọrin tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, níbẹ̀ ni International Aviation College tí wọ́n ti ń kọ́ awakọ̀ òfuurufú wà, ní pápákọ̀ òfuurufú wa. Ní Màlété, níwájú díẹ̀, KWASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara wa, ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjiníà ọkọ̀ òfuurufú. Kí ó lọ wádìí.

Ní ti ẹ́ńjìnnì tó ní ó bàjẹ́: láti 1957 tí ẹ́ńjìnnì rótárì tí Felix Wankel ṣe ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ NSU ní Jámánì, àti láti 1967 tí Mazda ti ń tà á nínú mọ́tò, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì písítìnì ní fáàfù tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Rótárì kò ní. Bí igun rótọ̀ bá ti kọjá lára ihò èéfín, ihò yẹn ti ṣí nìyẹn, èéfín yóò sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí epo kò tíì jó tán. Bí ẹ́ńjìnnì oní-rótọ̀ méjì bíi tèmi bá ń yí ìyípo 6000 níṣẹ́jú kan, ìgbà 200 ni irú ìtújáde bẹ́ẹ̀ ń lu inú sáílẹ́ńsà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ooru rẹ̀ máa ń kọjá 900°C, bẹ́ẹ̀ sì ni 660°C ni alumíníọ́mù ti ń yọ́. Nígbà tí Mazda ṣe mọ́tò RX-8 ní 2003, wọ́n gbé ihò èéfín kúrò níbi tó wà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé rótọ̀. Tèmi kì í ṣe ìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún yín kí n tó rà á. Ẹni tó ń ta sáílẹ́ńsà rótárì tí kò mọ èyí kò yẹ kó máa tà á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kan náà tún pè mí lọ́jọ́ mìíràn, ó ní ti Inconel, irin tó ń gba ooru ju sítéńlẹ́ẹ̀sì lọ, ló yẹ kí n rà, kí n fi owó kún un. Níbo ni ìlérí 321 wà? Ẹ ta èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ fún mi, ẹ wá fẹ́ fi òmíràn gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, Ọ̀gá mi. A kò tíì gbé ọkọ̀ náà fò, a kò sì ní gbé e fò láìgba àṣẹ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni sáílẹ́ńsà yín ti là. Ká ní òkè ni, abẹ́ ìbòrí ẹ́ńjìnnì ni iná yẹn ì bá ti máa yọ, níbi tí páìpù epo ń gbà kọjá. Káábọ̀nù mọnọ́sáìdì ì bá wọ ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, èèyàn á kàn sùn lọ lórí ìdarí ọkọ̀. Mo sọ èyí fún òṣìṣẹ́ yín, ó ní “ṣebí orí ilẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.” Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní òbí. Bí wọ́n ṣe gbé wọn lé mi lọ́wọ́ nílera ni mo gbọ́dọ̀ dá wọn padà.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ dá gbogbo owó mi padà, iye tó wà lórí rìsíìtì pẹ̀lú owó wébìlì, sínú àkáǹtì tí mo fi sanwó, láàárín ọjọ́ 14 tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín. N kò fẹ́ sáílẹ́ńsà mìíràn, n kò fẹ́ ẹ̀dínwó, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé òun ń bọ̀. Ẹ rán ẹni tí yóò wá gbé ọjà yín àti ọ̀rá wúùlù náà, ní owó ara yín. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì kọ ìwé tọrọ àforíjì, kí ẹ̀yin fọwọ́ sí i.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, n óò gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, torí òfin 2018 tó dá wọn sílẹ̀ kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti ta ohun tí kò bá ìlérí rẹ̀ mu kó sì pa fóònù mọ́ oníbàárà. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp, fídíò àti ohùn òṣìṣẹ́ yín tó wà lórí fóònù mi yóò bá mi lọ. Lọ́yà mi ti kà wọ́n. Fídíò ibi tó ti là yóò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tí mo mọ̀ tó ń dè rótárì mọ́ nǹkan, kí wọ́n tó sanwó fún yín.

Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè mí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín,
Ọ̀nà Àjàṣẹ́, Ìlọrin.