Ẹ yé gbé àgbà dìde lórí àga

Ọ̀gá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ torí mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá yunifásítì pàápàá ń ka ìwé ìròyìn yín.

Wọ́n pè mí síbi ayẹyẹ kan ní yunifásítì kan ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Bàbá kan jókòó síwájú, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀pá wọn wà láàárín orúnkún. Bébà tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àga, fáànù ti fẹ́ ẹ dànù. Ni ọmọ protocol kan bá dé, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dìde, kọmíṣánnà ń bọ̀." Bàbá dìde. Ó kó wọn lọ sí ìlà kejì, ẹlòmíì tún gbé wọn dìde níbẹ̀, ó ní ti àwọn aṣòfin ni, ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó rí ibi jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà tó ń pariwo. Kọmíṣánnà ọ̀hún ò sì wá o, aṣojú ló rán, ìgbà tí wọ́n ń pín ráìsì nìyẹn dé. Omi bọ́ lójú mi.

Ọdún 18 ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì rẹ́jísírà, ìyẹn akọ̀wé àgbà yunifásítì, mo mọ̀ pé nǹkan yìí ò le. Ètò ipò ti inú ọgbà ti wà nílẹ̀ tipẹ́: ní yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀, gómìnà ni Visitor, ìyẹn olùbẹ̀wò àgbà, Chancellor tó jẹ́ olórí fún àyẹ́sí wà, Pro-Chancellor tó ń darí ìgbìmọ̀ wà, gíwá wà. Lọ́jọ́ kọnfokéṣọ̀n, ìyẹn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege, àwọn kékeré ló ń ṣáájú wọlé, Chancellor á kẹ́yìn, tí wọ́n bá ń jáde òun láá ṣíwájú, ẹnì kan kì í jà sí i. Àlejò ìta ni wàhálà. Ẹ pe ọ́fíìsì oníkálùkù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ bi wọ́n pé ṣé ọ̀gá fúnra wọn ló ń bọ̀ àbí aṣojú, èèyàn mélòó ló ń tẹ̀ lé wọn, kí ìwé ìjókòó jẹ́ ẹyọ kan, kí rẹ́jísírà fọwọ́ sí i, kó má jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà la ti ń pinnu ẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ bá lè pariwo jù.

Ti àwọn kábíyèsí tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààfin ni kẹ́ ẹ bi, ẹ má bi ọmọ ilé ìwé, pàápàá tó bá jẹ́ ọba méjì ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn wọn wá wo ìjókòó ṣáájú, kí MC má sì sọ pé kí kábíyèsí dìde bọ gbogbo èèyàn lọ́wọ́, mo ti gbọ́ ọ rí! Ṣebí ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá, láàfin láyé àtijọ́ àwọn ìwẹ̀fà ọba pín iṣẹ́: Ọ̀nà Ẹfà ń gbẹ́jọ́, Ọ̀tún Ẹfà ń bójú tó ti òrìṣà, Òsì Ẹfà ló wà fún ìṣàkóso, kálukú mọ ibi tiẹ̀. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí tó wàjà ní 2022 pàápàá ti ṣe Chancellor yunifásítì Sókótó rí, àjèjì kọ́ ni ọba àti yunifásítì síra wọn.

Ẹ bá wa dín ìkíni kù náà. Bí ẹni mẹ́fà bá máa sọ̀rọ̀, tí kálukú tún ń ka orúkọ àlejò látòkè délẹ̀, ó ti di ìdajì wákàtí, àwọn ọmọ tí ẹ kó sábẹ́ kánópì látàárọ̀ ò sì tíì mu omi. Kí MC kí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn gíwá fún gan-an ni ìlà kan fún àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nítòsí ilẹ̀kùn, tí ọmọ protocol kankan ò ní fọwọ́ kàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sì dúró tì wọ́n.

Mo lọ kí bàbá nílé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni, orúnkún ló ń dun àwọn.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan,
Takie, Ògbómọ̀ṣọ́.