Lẹ́tà sí Àkànní lórí ẹ̀dà fáìlì tí kì í jẹ àyè

Pansẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta

Àkànní, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni òtútù Jámánì? Àlàáfíà la wà níbí. O bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí mo fi kó gbogbo iṣẹ́ mi kúrò lórí dísíìkì, tí mo pa á rẹ́, tí mo sì fi XFS, ètò kan tó ń to fáìlì sórí dísíìkì, sí i. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti orí fóònù, ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

O mọ iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó. Fóódà ayẹyẹ kan lè tó gígábáìtì 48. Kí n tó fọwọ́ kan àwọ̀ tàbí ohùn inú rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí tọkọtaya tó máa tún ìgbéyàwó ṣe nítorí tèmi. Lórí ext4, irú ètò bẹ́ẹ̀ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, ẹ̀dà yẹn ń gbà tó ìṣẹ́jú 15, á tún jẹ gígábáìtì 48 mìíràn. Bí iná bá lọ láàárín, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, mo tẹ cp, àṣẹ tí a fi ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, kí n tó mí, ó ti parí, àyè dísíìkì ò sì fi bẹ́ẹ̀ dín.

Fáìlì méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti ẹ̀dà rẹ̀, ló ń lo búlọ́ọ̀kù kan náà, ìyẹn àwọn ègé àyè dísíìkì tí ohun inú fáìlì wà. Fi wé ilé bàbá tí ọmọ méjì jọ ń gbé. Bí ọ̀kan bá fẹ́ yí yàrá kan padà, kò ní wó ti bàbá. Á kọ́ yàrá yẹn nìkan sí ibòmíràn, èkejì á ṣì máa gbé inú ti àtijọ́ bó ṣe wà.

Iṣẹ́ tí àwọn tó kọ XFS ṣe ló wú mi lórí jù. XFS ti pẹ́, láti nǹkan bí 1994. Ohun tí wọ́n gbé e lé lórí ni pé búlọ́ọ̀kù kan, fáìlì kan ló ni ín: pa fáìlì rẹ́, búlọ́ọ̀kù rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Bí fáìlì méjì bá wá jọ ní in, pípa ọ̀kan rẹ́ á ba èkejì jẹ́. Ni wọ́n bá fi àkọsílẹ̀ mìíràn kún un, tó ń ka iye fáìlì tó ń pín búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Iye yẹn àti àwọn fáìlì ò gbọdọ̀ ta ko ara wọn, kódà bí iná bá já lójijì, àwa tí à ń gbé níbí sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Linux 4.9, ẹ̀yà kan nínú ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló gbé pípín búlọ́ọ̀kù yìí jáde fún XFS ní ìparí 2016. Ní 2021, cp inú coreutils 9.0, àkójọ àwọn àṣẹ kéékèèké tí cp wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láìjẹ́ pé ènìyàn sọ fún un. Btrfs, ètò fáìlì mìíràn lórí Linux, ti ní tirẹ̀ ṣáájú, Apple sì fi í sí APFS, ètò fáìlì tiwọn, ní 2017. Ext4 ò ní in.

Ohun kan kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Mo fẹ́ tún fáìlì ohùn kan kọ, fáìlì tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò sì ní tóbi sí i, dísíìkì ní àyè ti tán! Ẹ̀dà ni fáìlì náà. Gbogbo ibi tí mo bá fọwọ́ kàn nínú rẹ̀ ló ń wá búlọ́ọ̀kù tuntun. Láti ìgbà náà ni mi ò ti jẹ́ kí dísíìkì kún dé ẹnu mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi wá ń pe àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ní ìpamọ́, mo sì yára dá a lẹ́kun. Bí dísíìkì yẹn bá kú, orúkọ mẹ́wàá tó ń tọ́ka sí búlọ́ọ̀kù kan, gbogbo wọn ló bá a lọ. Iṣẹ́ ìgbéyàwó mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Torí náà, bí o bá ń bọ̀ nílé, jọ̀ọ́, bá mi ra dísíìkì tẹ́rábáìtì 4 kan. Owó rẹ̀ wà nílẹ̀. Ilé ní Ìbarà ni yóò máa gbé, kí ti iṣẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá ní kí n kí ọ o, wọ́n ti ra ìrẹsì ọ̀fadà sílẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni,
Àjàní