Ọbẹ̀ Tí Kò Béèrè Ìjọ Ẹni

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ìyá àgbà kan, ọmọ onílẹ̀ Írẹ́lándì níbí, wá tò síwájú gbọ̀ngàn wa láti gba oúnjẹ. Nígbà tó kàn án, a fún un ní fọ́ọ̀mù: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ìjọ tó ń lọ. Ó kà á tán, ó rọra gbé àpò oúnjẹ padà sórí tábìlì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi ni mo ní kí a tẹ fọ́ọ̀mù yẹn, kí a lè máa pe àwọn èèyàn wá sí ìsìn. Inú bí mi sí ìyá náà, kí aládùúgbò mi kan tó là mí lóye nípa ìyàn tó jà nílẹ̀ yìí láyé àtijọ́.

Gbogbo wa la mọ àwọn ère tó rù kan egungun létí odò Liffey, ní Custom House Quay nílùú Dublin, tí wọ́n fi ń rántí ìyàn náà. Ní 1845, àrùn wọ oko ànàmọ́ tí a ń pè ní Áírìṣì lọ́jà ilé. Òun sì ni ọ̀pọ̀ tálákà Írẹ́lándì gbójú lé. Títí di 1852, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, àwọn tó sì wọkọ̀ sá lọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ọkà àti màlúù ń jáde ní èbúté lọ sí Ìlú Ọba, torí olóko gbọ́dọ̀ san ìṣákọ́lẹ̀.

Ní 1847, ìjọba dáná ọbẹ̀ fún bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn lójúmọ́, ṣùgbọ́n kí ọdún tó parí, wọ́n ti pa iná náà. Àwọn oníwàásù Pùròtẹ́sítáǹtì kan, tí wọ́n ń ka Bíbélì bíi tiwa, gbé ìkòkò tiwọn kaná: ẹni tó bá fẹ́ jẹ, kó fi ìjọ Àgùdà sílẹ̀. “Ó gba ọbẹ̀” di èébú tí wọ́n fi ń bú ọmọ àti ọmọọmọ. Àwọn Quaker, ẹgbẹ́ Kristẹni kan tí wọn ò pọ̀ rárá, kò béèrè ìjọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Orúkọ wọn ṣì ń ta sánsán nílẹ̀ yìí.

Lóòótọ́, Írẹ́lándì ti yí padà. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ní 1973, iṣẹ́ sì pọ̀ ní àwọn ọdún 1990, ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa dé. Báńkì dojú dé ní 2008, ìjọba tọrọ owó ní 2010, nǹkan sì tún gbé pẹ́ẹ́lí. Àmọ́ owó ilé ń gbé owó oṣù mì. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń tò síwájú gbọ̀ngàn wa ló níṣẹ́ lọ́wọ́!

Ẹ ka Jòhánù orí 6. Jésù mọ̀ pé nítorí àkàrà ni ọ̀pọ̀ ṣe ń wá òun. Ó ti bọ́ wọn yó ná kó tó sọ ọ́.

Láti Sátidé yìí, kò sí fọ́ọ̀mù mọ́, kò sí ìwé ìkésíni nínú àpò. Ẹni tó bá mọ ilé ìyá náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú mi lọ. Mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì.