Lẹ́tà sí Màmá Mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, Nípa Ẹgbẹ́ Tí Wọ́n Fi Mí Ṣe Alága Rẹ̀

Philadelphia,
Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà, ẹ kú ara fẹ́ra kù Kábíyèsí. Ọdún 1960 ni Ọba Adétọ̀nà gorí ìtẹ́, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí yín. Awùjalẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ láyé yín ló wàjà ní oṣù keje yẹn. Nígbà tí ẹ sọ pé ìlú dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ, ó dùn mí pé mi ò sí nítòsí láti jókòó tì yín. Kí Ọlọ́run tu gbogbo Ìjẹ̀bú nínú.

Láàbù ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Sẹ́ẹ̀lì, àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tó para pọ̀ di ara, tí mo ń sìn nínú àwo ò mọ ọjọ́ ìsinmi. Omi tí wọ́n ń jẹ pupa bí omi sóbò tí wọ́n fi omi là. Tó bá ti ń di àwọ̀ ọsàn, a jẹ́ pé ebi ti ń pa wọ́n nìyẹn, kò sì sí ẹni tó máa bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, mo ti dá wọn padà sínú àpótí tó ń móoru bí ara èèyàn, ààyè wá yọ fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ bi mí lórí fóònù pé, "Àrẹ̀mú, oyè tí wọ́n fi ẹ́ jẹ yìí, ṣé wọ́n fi owó sí i?" Nẹ́tíwọ̀kì gé wa kí n tó dáhùn. Wọn ò fi kọ́bọ̀ sí i, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí pé nínú gbogbo ẹbí wa, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí máa yé jù.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún ọmọ iṣẹ́ tó ti ṣe fírídọ̀mù, tí ò tíì rówó gba ṣọ́ọ̀bù? Ó ti mọṣẹ́, wọ́n ti gbàdúrà fún un, wọ́n ti ya fọ́tò, àmọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ló tún ń lọ. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Nínú iṣẹ́ ìwádìí nípa àìsàn àti ara èèyàn, ẹni tó bá ti gboyè ọ̀mọ̀wé á tún lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá láàbù kan fún ọdún mélòó kan kí òun náà tó lè dá láàbù tirẹ̀ sílẹ̀. Postdoc ni wọ́n ń pè wá. A kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, wọn ò sì kà wá mọ́ àwọn olùkọ́. Àwa la wà nídìí iṣẹ́ gan-an tọ̀sán tòru, bẹ́ẹ̀ bí yunifásítì bá ń ka èèyàn rẹ̀, ó máa ń ṣòro láti mọ iye tí a jẹ́, torí orúkọ tí wọ́n fi gba ẹnì kan síṣẹ́ ní ilé kejì yàtọ̀ sí ti ilé kìíní.

Ẹ wo ọ̀kan tó ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, inú owó ìwádìí ọ̀gá ni wọ́n ti ń san owó wa, òṣìṣẹ́ sì ni wọ́n kà wá sí. Tí ẹnì kan bá wá fi ọgbọ́n orí rẹ̀ díje, tó gba owó ìwádìí tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ohun ayọ̀ ńlá ni. Àmọ́ láti ọjọ́ tí owó yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kì í ṣe òṣìṣẹ́ mọ́ nínú ìwé wọn. Owó tí wọ́n ń bá a fi sílẹ̀ de ọjọ́ ogbó lè dúró, ìnṣọ́ránsì ìlera rẹ̀ lè yí padà. Ẹni tó gba ẹ̀bùn ni wọ́n wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo rò pé ẹni tó ń sọ ọ́ ṣì í sọ ni. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwa postdoc ti ń bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, a ò sì tíì sinmi.

Ìgbìmọ̀ yẹn ni mo jẹ́ alága rẹ̀, èmi àti obìnrin kan tí a jọ ń darí rẹ̀. Oṣù karùn-ún ni wọ́n dìbò yàn wá. Ìpàdé wa jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní agogo méjìlá ọ̀sán, pẹ̀lú oúnjẹ, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ, torí àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n máa ń ka wákàtí tí postdoc wọn ò sí nídìí iṣẹ́. A ní aṣojú nínú àwọn ìjókòó yunifásítì níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìsinmi ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. A máa ń pe àwọn tó ti rí iṣẹ́ níta wá kí wọ́n sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà. Ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀sẹ̀ kan wà tí wọ́n fi ń yẹ́ àwa postdoc sí káàkiri Amẹ́ríkà, a sì se àsè díẹ̀. Mo ń sáré sọ ìwọ̀nyí kọjá ni, Màmá. Wọ́n dára, àmọ́ wọn kọ́ ló jẹ́ kí n gbà láti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? NIH, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, ló ń gbé iye kan kalẹ̀ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń wò. Ní 2023, dọ́là 56,484 lọ́dún ni fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ní 2024 ó di 61,008. Ìgbìmọ̀ tí NIH fúnra rẹ̀ yàn ti sọ ní òpin 2023 pé ó kéré tán, ó yẹ kó tó 70,000. Mo mọ̀ pé bùrọ̀dá mi á ti máa ṣírò rẹ̀ sí náírà. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé dọ́là náà ni a fi ń san owó ilé, ẹni tó bá sì ní ọmọ kékeré, owó ibi tí wọ́n ti ń bá a tọ́jú ọmọ lè gba ìdajì rẹ̀ lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà nìyí. Mi ò sọ fún yín nígbà náà, torí mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ru. Ní ọdún kejì mi, ní oṣù kejì, ọ̀gá mi ìgbà yẹn pè mí, ó ní owó ìwádìí òun ti fẹ́ tán, òun ò ní lè gbà mí kọjá oṣù kẹfà. Físà J-1 tí mo fi wà níbí so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Bí ìwé rẹ̀ bá parí, ọgbọ̀n ọjọ́ péré lèèyàn ní láti palẹ̀ mọ́. Mo dákẹ́. Mi ò lọ sí ìpàdé mọ́. Ẹ ń bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé àlàáfíà ni?", mo ń ní àlàáfíà ni.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo gbójú sókè nídìí iṣẹ́, mo rí obìnrin ọmọ ilẹ̀ Bùràsíìlì kan tó dúró pẹ̀lú ife tíì méjì. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni, a ò tíì bára wa sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ rí. Ó ní, "Mo ń wo ìwé ìpàdé, mi ò rí orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀mejì." Ó fa àpótí ìjókòó gíga kan, ó jókòó, kò sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé mi máa parí ló béèrè. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti mú mi dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá láàbù mẹ́rin, ìkẹrin ló gbà mí. Torí pé inú yunifásítì kan náà ni, wọ́n tún ìwé mi ṣe láìjẹ́ pé mo jáde ní ìlú. Láàbù yẹn ni mo wà títí di òní.

Màmá, ẹ̀yin ni mo rí lọ́jọ́ yẹn. Ìwé akápò yín, èyí tó ní ẹ̀yìn aláwọ̀ ewé tí ẹ fi ráńbà dè! Nígbà tí ẹ ń ṣe akápò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yín, ẹgbẹ́ ẹ̀yin tí ọjọ́ orí yín jọ sún mọ́ra, mo máa ń jókòó tì yín lálẹ́ tí ẹ bá ń ka owó aṣọ Ojúde Ọba. Ẹnu máa ń yà mí pé orúkọ àwọn tó sanwó kì í gbà yín lákòókò. Àwọn tí ò wá lẹ́ẹ̀mejì lẹ ń fi ìka tọ̀. Tó bá di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó gba Òkè-Ajé lọ, ẹ ti yà nílé wọn, ẹ ò sì ní dárúkọ owó. Lọ́nà bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe mọ̀ pé ọkọ Ìyá Ìbejì ti wà lórí àìsàn.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe níbí nìyẹn. Ìyókù jẹ́ ìwé kíkọ.

Ní oṣù tó kọjá, níbi tábìlì tí a fi ń kí àwọn tuntun káàbọ̀, ọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Íńdíà kan dé, ó gbé ọmọ oṣù márùn-ún sáyà, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì mẹ́ta. Mo fún un ní ìwé ìkíni, kò wò ó. Ó ní onílé fẹ́ gba owó oṣù kan pẹ̀lú owó ìdúró lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ yẹn gan-an, bẹ́ẹ̀ owó oṣù òun àkọ́kọ́ di ìparí oṣù. A ò ní owó tí a lè yá a. Ohun tí a ní ni orúkọ àwọn tó ti sọ pé bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, kí a pe àwọn. Mo pe obìnrin ọmọ Kòríà kan tó ní yàrá kan tó ṣófo. Kò tó wákàtí kan tó fi dé, ìrọ̀rí wà ní abíyá rẹ̀, ìkòkò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ gba ọmọ náà kó tó kí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó yẹn bú sẹ́kún. Èmi náà ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọdún yìí le fún wa, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní oṣù kejì, NIH kéde pé àwọn máa dín owó tí wọ́n fi ń ran yunifásítì lọ́wọ́ lórí iná, ilé àti àbójútó iṣẹ́ kù sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwádìí fúnra rẹ̀. Ilé ẹjọ́ dá a dúró, àmọ́ ẹ̀rù ti ba àwọn ọ̀gá láàbù, wọn ò fẹ́ gba èèyàn mọ́. Ní oṣù keje, ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ̀pọ̀ físà àwa ọmọ Nàìjíríà di wíwọlé ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi dọ́là 100,000 lé físà iṣẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní H-1B fún ẹni tí wọ́n bá ń mú bọ̀ láti òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣèlérí pé n ó wá fún Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Bí mo bá jáde, ó lè má rọrùn láti padà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn tuntun. Katalin Karikó lorúkọ rẹ̀. Ní 1985, ó kúrò ní Hungary wá ṣe postdoc ní Temple University, ní ìlú Philadelphia níbí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ta mọ́tò wọn, wọ́n sì rán owó rẹ̀ mọ́ inú teddy bear, ẹranko aláṣọ tí ọmọbìnrin wọn ń gbé ṣeré, torí ìjọba wọn ò fẹ́ kí èèyàn mú owó jáde. Ní 2023, òun àti Drew Weissman gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n lè ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA fún Kòrónà. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ ọ́, ìgbátí ṣòkòtò mi ni mo máa ń rántí, àti ẹ̀yin tí ẹ jókòó lábẹ́ iná àtùpà, tí ẹ ń rán dọ́là mọ́ ọn lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń bọ̀.

Mo wá fẹ́ bẹ̀ yín fún nǹkan kan. Àwa postdoc kì í pẹ́ níbì kan. Alága tó ṣáájú mi rí iṣẹ́ ní Boston, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi palẹ̀ mọ́, ímeèlì kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún wa. Orúkọ àwọn tó ti ní ká máa pe àwọn, àárín orí rẹ̀ ló wà, ó sì gbé e lọ. Ní oṣù karùn-ún tó ń bọ̀, èmi náà máa fi ipò yìí sílẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó tún rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ gbé ìwé yẹn fún akápò tuntun, ẹgbẹ́ ò mì. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ bí ẹ ṣe ṣe é. Ṣé ẹ jọ lọ sílé àwọn èèyàn ni, àbí ẹ kàn ka orúkọ fún un?

Kí àbúrò mi sì bá mi ya fọ́tò ojú ewé kan péré nínú rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo rántí pé ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i. Orúkọ wà ní àkọ́kọ́, owó wà ní ìkejì, wíwá sípàdé wà ní ìkẹta. Ìkẹrin, èyí tí ẹ máa ń fi lẹ́ẹ̀dì kọ, mi ò mọ ohun tó wà fún.

Ẹ bá mi kí bùrọ̀dá mi àti gbogbo ará ilé. Omi sẹ́ẹ̀lì tún tó wò.

Èmi ni ọmọ yín,
Àrẹ̀mú.