Ẹjọ́ Sáfà Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Sùn Ún

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí abala yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ní òun ti kó gbogbo iṣẹ́ òun kúrò lórí Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, nítorí pé ohun ọ̀fẹ́ kò lólóhun, àti pé lọ́jọ́ tó bá dàrú, kò sẹ́ni téèyàn máa dì mú. Mo kà á tán, mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ariwo ni mo tiẹ̀ fi sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tó gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi.

Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà lórí rẹ̀, ni mò ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Debian ló wà lórí sáfà náà, ọ̀kan lára àwọn Linux tó pẹ́ jù lọ nílẹ̀, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ lọ́dún 1993. Inú PostgreSQL, ètò dátábéésì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, tí àwa ń pè ní Postgres, ni àkọsílẹ̀ owó wà. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀: nọ́ńbà ẹ̀ka ló ń ṣáájú, a ó wá fa ìlà kékeré, kí nọ́ńbà ẹni náà tó tẹ̀ lé e. Ẹni karùn-ún ní ẹ̀ka 27 ni 27-5. Ẹ fojú sí ìlà kékeré yẹn, òun ló kó wa sí wàhálà.

Nígbà Kòrónà, lọ́dún 2020, tí ọ́fíìsì wà ní títì, mo ní kí n lo àyè yẹn gbé sáfà náà kúrò lórí Debian 9 bọ́ sórí Debian 10. Ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Postgres 9.6 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní tó bá yá n ó dé ọ̀dọ̀ òun náà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí ọ́fíìsì ṣí, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà wá gbowó. Akọ̀wé wa tẹ 27-5, kọ̀ǹpútà ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, pàbó. Nígbà tí kò fẹ́ kí ìyá dúró pẹ́, ó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní tuntun pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà, kọ̀ǹpútà sì gbà á! Èyí tó yẹ kó kọ̀ jálẹ̀ pé nọ́ńbà yìí ti lólówó. Owó tó gbé jáde fún ìyá jẹ́ òdo.

Ìyá tú etí ìró, ó yọ káàdì pélébé tí a máa ń fi bírò kọ nǹkan sí. Ọdún mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, ₦186,000. Ó gbé e ka orí tábìlì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, kọ̀ǹpútà yín ló ń purọ́ ni àbí bírò yín?"

Wọ́n pè mí, mo sáré dé. Mo fi orúkọ wá ìyá, méjì ló jáde: ọ̀kan pẹ̀lú owó rẹ̀ pérépéré, ọ̀kan tó jẹ́ òdo. Mo fi nọ́ńbà wá a, olódo nìkan ni mo rí. Orí mi wú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi ìbínú kọ̀wé ẹ̀sùn sí Debian. Ímeèlì lásán ni wọ́n fi ń ṣe é. Ètò kékeré kan wà tó ń jẹ́ reportbug tó máa ń báni kọ ọ́. Kó tó jẹ́ kí o sọ tìrẹ, yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn àwọn tó ṣáájú rẹ hàn ọ́, kí o wò ó bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́. N kò kà wọ́n. Yóò tún bi ọ́ pé báwo ló ṣe le tó. Ìpele méje ni, láti wishlist, tó jẹ́ ohun téèyàn kàn fẹ́, títí dé critical, tó jẹ́ ti àjálù gidi. Critical ni mo mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo wá kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: Postgres ti bàjẹ́ látìgbà tí mo ti yí ẹ̀dà padà, owó àwọn èèyàn ti di àwátì, ẹ tún un ṣe kíákíá.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí èsì fi dé. Ẹni tó fèsì, n kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó sọ critical mi kalẹ̀ di normal, ó lẹ àmì moreinfo mọ́ ọn, ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ mi kò tíì lórí, kò nídìí. Kò bú mi o. Ó kàn bèèrè ni: kí ni mo tẹ̀ gan-an, kí ni mo rí, kí ni mo retí pé kí n rí? Ó wá ní kí n kọ 11 sórí ìlà kan, kí n kọ 1-1 sórí ìlà kejì, kí n ní kí sáfà náà fi àṣẹ sort tò wọ́n, kí n sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀rọ mìíràn tí Debian 9 bá ṣì wà lórí rẹ̀.

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Àmọ́ mo ní láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú, mo so ó mọ́ iná, mo ṣe é. Lórí láptọ́ọ̀pù, 11 ló kọ́kọ́ jáde, 1-1 tẹ̀ lé e. Lórí sáfà, 1-1 ló ṣáájú. Mo tún un ṣe. Bákan náà ni.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Glibc, àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ jù lọ ètò tó kù lórí Linux dúró lé, yí bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ padà nínú ẹ̀dà 2.28 tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, kó lè bá ìlànà àgbáyé ISO 14651 mu. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń tò, kì í ka ìlà kékeré àárín nọ́ńbà sí. Bíi 275 ló ṣe ń wo 27-5. Ní báyìí ó ń kà á, ó sì ń fi í ṣáájú nọ́ńbà. Atọ́ka tí Postgres fi ń wá nǹkan, ètò àtijọ́ ni wọ́n fi tò ó. Ẹ̀rọ wá ń fi ètò tuntun wá a. Ó dà bí ìgbà tí ìyálé bá to ìkòkò sí ààyè wọn, tí ìyàwó tuntun wá ń fọwọ́ tálẹ̀ wá iyọ̀ nínú òkùnkùn. Iyọ̀ wà nílé, ọwọ́ ni kò dé ibẹ̀.

Wọ́n ti ẹ̀sùn mi pa pé kì í ṣe bug, ìyẹn àṣìṣe inú ètò. Òótọ́ ni. Àwọn tó ń kọ Postgres ti kọ ìkìlọ̀ síta fún gbogbo ayé kí n tó fọwọ́ kan sáfà. Èmi ni n kò kà á. Ojúṣe mi ni, mo jẹ̀bi, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún alága wa. Àṣẹ kan ṣoṣo, REINDEX, ló ń tún un tò. Ṣùgbọ́n kò ní gbà bí nọ́ńbà méjì bá jọra, nítorí náà a ní láti kọ́kọ́ wá gbogbo àwọn tí akọ̀wé ti forúkọ wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́kànlá ni wọ́n. Lábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ la ti ń fi káàdì oníbírò wé àkọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. REINDEX fúnra rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ẹni tó wá ń bèèrè pé ta lèèyàn máa dì mú, mo ti ra sọ́fítíwíà olówó gọbọi rí, n kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Mo kọ̀wé sí wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko, èsì kan ṣoṣo tó wá ni pé wọ́n ti rí lẹ́tà mi. Ọ̀dọ̀ Debian ńkọ́? Nínú ìwé àdéhùn tí wọ́n bá aráyé ṣe lọ́dún 1997, ó wà níbẹ̀ pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́, pé àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn àwọn yóò wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn nígbà gbogbo. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tó wà níbẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù kan báyìí.

N kò sọ pé ẹni mímọ́ ni wọ́n. Lọ́dún 2006, lọ́dọ̀ Debian kan náà, ẹnìkan yọ ìlà kóòdù kúrò nínú OpenSSL, ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ààbò, kí ètò ayẹ̀wò má baà máa pariwo mọ́. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ ààbò tí ẹ̀rọ ń ṣe di ohun tí èèyàn lè jókòó dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tó bá a mu. Oṣù Karùn-ún ọdún 2008 ni Luciano Bello tó rí i, tí gbogbo wa sì kó kọ́kọ́rọ́ wa dànù. Àtúnṣe ló di àìsàn níbẹ̀ yẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni tiwa. Inú gúrúùpù WhatsApp àwa tó ń tọ́jú sáfà, kò sí ọjọ́ tí ẹ kò ní gbọ́ "ó ń fà o", "ó ti tún kú o", "ṣé tiyín ń ṣe é?" Gbogbo wa á dáhùn, a ó ṣépè díẹ̀, ó parí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Andres Freund, tó wà lára àwọn tó ń kọ Postgres gan-an, rí i lórí Debian rẹ̀ pé wíwọlé nípasẹ̀ ssh, ètò tí a fi ń wọ sáfà láti ọ̀nà jíjìn, ti ń pẹ́. Kò sọ pé "ó ń fà". Ó wọ̀n ọ́n: ohun tó ń gba 0.299 ìṣẹ́jú-àáyá ti di 0.807. Ó tọ ipasẹ̀ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yẹn títí tó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí olè lè gbà wọlé, tí ẹnìkan ti kọ́ pamọ́ sínú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, nínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ síta lọ́jọ́ 29 oṣù náà. Ẹ rántí pé ssh ni gbogbo wa ń gbà wọ sáfà wa.

Àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn kò dán tó láti kọ̀wé sí òyìnbó. Tèmi náà kò dán. Nọ́ńbà ẹ̀dà, ohun tí o tẹ̀, ohun tí o rí bó ṣe wà gẹ́lẹ́ lójú ẹ̀rọ, ìwọ̀nyí ni wọ́n ń wá, kò sì sí gírámà nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti fẹjọ́ sùn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n tún mẹ́ta ṣe, méjì jẹ́ àṣìṣe èmi fúnra mi, àwọn tó kù ṣì wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń bá wọn ṣọ́ ọ.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ti ń kó lọ sórí Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Láti Postgres 15, ó ti ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ bí ètò ìtòlẹ́sẹẹsẹ bá ti yí padà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gba orí ìkìlọ̀ náà kọjá.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ mi kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Critical tí mo fi ìbínú kọ, ìlà mẹ́ta aláìnídìí yẹn, àti bí wọ́n ṣe rọra sọ ọ́ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣì wà níta gbangba. Ọmọ mi obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí, wá a rí lóṣù tó kọjá. Ó kà á sókè fún ìyá rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́.

Èmi ni tiyín,
Olùtọ́jú sáfà kan,
Ìbàdàn