Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ra ATV ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà

Àbúrò mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́. O kú oríire. ATV náà, ọkọ̀ onítáyà mẹ́rin tí à ń gùn bí ọ̀kadà, dára, yóò sì bá ọ kó yìnyín iwájú ilé dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wo bí o ṣe jókòó sórí rẹ̀, àyà mi já: bí o ṣe máa ń jókòó sórí ọ̀kadà ní Mọ́kọ́lá náà ni, ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Jọ̀ọ́, gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè. Bí ọ̀kadà bá fẹ́ yọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń ti ilẹ̀. Dán an wò lórí eléyìí, táyà ẹ̀yìn á gun ẹsẹ̀ náà kó o tó mọ̀. Ó ṣe mí rí, lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé. Bàtà òtútù tó nípọn ló kó mi yọ, síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tiro. (Mo sọ fún ẹ̀yin ará ilé pé orí àtẹ̀gùn ni mo ti ṣubú.)

Iná tí à ń fún un kó lè sáré náà yàtọ̀. A kì í yí i, àtàǹpàkò la fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí òtútù bá sì ti pa àtàǹpàkò náà kú, o ò ní mọ bó o ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, nítorí náà má ṣahun owó ìbọ̀wọ́. Kó o tó tan ẹ́ńjìnnì, tẹ iná náà kó o sì jọ̀wọ́ rẹ̀: ṣé ó padà sáyè rẹ̀? Omi dídì lè há a. Má sì tan án nínú gáréèjì tó o ti ilẹ̀kùn rẹ̀. O mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fáwọn èèyàn nílé.

Wọ́n á ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Òótọ́ ni, bó bá di ká gbéra. Bó bá di ká dúró lórí omi dídì, kò sí ìrànlọ́wọ́ kankan níbẹ̀. Dín eré kù kó o tó dé kọ́nà, má fún bíréèkì pa lójijì. Bó o bá ń ti yìnyín, rọra: etí ọ̀nà tó fara pa mọ́ lè sọ ọ́ gba iwájú fò.

Ní ti adágún táwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń pè ọ́ lọ pẹja, ínǹṣì 5 sí 7 ni ìjọba ìpínlẹ̀ ní kí omi dídì nípọn tó fún ATV kékeré, èyí tó mọ́ gaara, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bó bá funfun, ìlọ́po méjì ni. Gbẹ́ ẹ, kó o fi rúlà wọ̀n ọ́n, kó o tún gbẹ́ ẹ bó o ṣe ń lọ. Jìnnà sí abẹ́ afárá àti ibi tí odò ti ń wọlé.

Nínú fọ́tò kejì, ìyàwó wa wà lẹ́yìn rẹ. Èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó sọ̀kalẹ̀.

Má gbé e jáde kó o tó ra àṣíborí. Màá pè ọ́ lálẹ́ Sátidé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ