Ẹ Má Gé Wáyà Ẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ojú Omi Yín

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síta nítorí àwa ará Abẹ́òkúta tí a ní ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, tí a máa ń so ó mọ́ èbúté fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí a sì ń fi iná èbúté sílẹ̀ kí ó máa ṣáájì bátìrì rẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbarà pè mí pé kí n wá wo ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òun, ìyẹn apá rẹ̀ tó máa ń wà nínú omi, èyí tí wọ́n fi àlùmíníọ̀mù ṣe. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti wú bí awọ tí omi gbígbóná dà sí, ìyẹ̀fun funfun sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí ìgbà tí a bá gún iṣu tó ti rà. Ọkọ̀ náà kò tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé oníná kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gé wáyà ẹ́ẹ̀tì (earth), ìyẹn wáyà ààbò, tó ti èbúté wọ inú ọkọ̀, ó sì ti gé e.

Irin oríṣi méjì tó bá wà nínú omi kan náà, tí wáyà sì so wọ́n pọ̀ lókè, ti di bátìrì nìyẹn, èyí tí kò lè kojú omi tó ìkejì rẹ̀ ni yóò sì máa yòrò. Wáyà ẹ́ẹ̀tì, aláwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú yẹn, ló so irin gbogbo ọkọ̀ tó ń lo iná èbúté pọ̀ láìjẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n mọ̀. Pùròpẹ́là idẹ ńlá ló wà lára ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi. Àlùmíníọ̀mù tirẹ̀ ló ń yòrò tọ̀sán-tòru kí idẹ aládùúgbò má baà bàjẹ́.

Òótọ́ ni pé bí a bá gé wáyà náà, ìyẹn yóò dúró. Ṣùgbọ́n bí wáyà tó gbé 230 fólìtì bá bọ́ kan ara ṣájà, wáyà ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gbé iná náà padà kí fíúsì lè já. Bí kò bá sí níbẹ̀, gbogbo irin ọkọ̀ ni yóò gbé iná, ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí sì lè kú láìfọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá nínú omi tí kò níyọ̀, nítorí pé ara ènìyàn ń gbé iná ju irú omi bẹ́ẹ̀ lọ.

Galvanic isolator ló yẹ kí á rà. Àpótí kékeré ni, ojú wáyà ẹ́ẹ̀tì ni a ń so ó sí ní kété tí wáyà náà bá wọ inú ọkọ̀. Iná tó ń jẹ irin kì í sábà tó fólìtì 1, àwọn dáyódù inú àpótí náà sì máa ń dá ohun tí kò bá tó nǹkan bí fólìtì 1.2 dúró, ṣùgbọ́n bí iná ńlá bá ya, wọn yóò jẹ́ kí ó kọjá kí fíúsì já. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí dáyódù lè jó láìhàn síta. Isolation transformer, ẹ̀rọ tó ń gbé iná èbúté wọ inú ọkọ̀ láìsí wáyà tó so méjèèjì pọ̀, dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì wúwo.

Ọ̀rọ̀ síǹkì tí a ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí omi máa jẹ ẹ́ dípò ẹ́ńjìnnì náà ń fẹ́ àkíyèsí. Odò Ògùn tó ń ṣàn lábẹ́ afárá Lafẹ́nwá níhìn-ín kò níyọ̀, inú ọ̀sà Èkó ló sì ń rọ́ sí. Nítorí náà ni iyọ̀ ọ̀sà ṣe ń dínkù nígbà òjò, tó sì ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú omi tí kò níyọ̀, èèpo máa ń bo síǹkì, iṣẹ́ rẹ̀ á sì dúró. Àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ló bá ọ̀sà mu, irin tí wọ́n ń pè ní magnesium ló sì bá odò mu. Ẹ má sì jẹ́ kí akunlé kan kun èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ bá dè mọ́ ọkọ̀ ní ọ̀dà.

A ti so wáyà ọ̀rẹ́ mi padà. Ẹni tó bá ti gé tirẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó yọ okùn iná èbúté kúrò lára ọkọ̀ lónìí, kí ó tó wá oníṣẹ́ tí yóò bá a so ó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.